Nígbà Tí “Which” Ṣì Wà fún Ènìyàn

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì ní nǹkan bí ọdún 30 sẹ́yìn pè mí lórí fóònù. Òun náà ti di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Lẹ́yìn tó kí mi tán, tó béèrè orúnkún mi àti àwọn ará ilé, ó ní, “Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ mi.” Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní JSS 2, ló kọ “the woman which sells bread” sínú àròkọ. Bàbá fi bírò pupa fa igi lé “which”, ó kọ “who” sórí rẹ̀. Ọmọ béèrè ìdí. Bàbá ní torí pé obìnrin kì í ṣe nǹkan, ènìyàn ni. Ni ọmọ bá wọ yàrá lọ, ó gbé ìwé àdúrà Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde, ó ṣí i sí Àdúrà Olúwa, ó ní, “Dádì, ẹ wò ó. ‘Which’ ni wọ́n lò fún Ọlọ́run níbí. Ṣé Ọlọ́run wá jẹ́ nǹkan ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó dákẹ́ kí n rín in tán. Ó wá ní, “Ẹ máa rín in o, sà. Ẹ̀yin gan-an lẹ fa igi lé e fún èmi náà nígbà yẹn. Ẹ tún ní kí n dìde dúró kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́ ohun tí mo kọ.”

Mi ò rántí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a jiyàn. Mo mọ irú olùkọ́ tí mo jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Mo gbà pé ibi tí yíǹkì pupa bá ti pọ̀ ni iṣẹ́ ti ṣe. Ẹni tó bá jẹgbá kì í tètè gbàgbé, ẹni tó nà án ni kì í rántí. Torí náà, mo jẹ ọmọ náà ní èsì, mo sì jẹ bàbá rẹ̀ ní ju èsì lọ. Ohun tí mo ń kọ yìí ni mo fi ń san díẹ̀ nínú gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ìbéèrè ọmọ yẹn yẹ kí ó ti jáde lẹ́nu èmi fúnra mi. Láàárín 1962 sí 1966, ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo lọ. Láràárọ̀ ni a máa ń tò, a ó di ojú, a ó ka Àdúrà Olúwa ní Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì pe “which” ketekete fún Bàbá wa ọ̀run. Tó bá di ọ̀sán, olùkọ́ gírámà á wọlé, á ní “who” ni ti ènìyàn, “which” ni ti ẹranko àti nǹkan. Ẹni tó bá ṣì í, ẹgba méjì ni. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi ṣe èyí, n kò so àárọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀sán rí. Ọmọ JSS 2 ló so ó.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí “which”?

Ibi tí ó ti ṣẹ̀

Ẹ bá mi padà sí ayé Ọba Alfred ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wàjà ní 899. Nígbà yẹn, “hwilc” ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ló para pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀. Èkíní wá láti ìdílé tí “who” àti “what” ti wá. Èkejì ni “līc”, tó túmọ̀ sí ara tàbí ìrísí. “Līc” yìí náà ló wà nínú “like” òde òní, òun náà ló di “-ly” tó ń gbẹ̀yìn “friendly” àti “quickly”. Nítorí náà, ohun tí “which” ń béèrè ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni pé báwo ni ohun náà ṣe rí, irú wo ni.

Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà ni “swilc”, èyí tó di “such”. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ti rí i tán: “irú wo” àti “irú bẹ́ẹ̀”. Ọ̀kan ń béèrè, èkejì ń dáhùn. Bí a ṣe fi “irú” mọ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ibẹ̀ fi “līc” mọ tiwọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà ayé Alfred, iṣẹ́ ìbéèrè ni “hwilc” ń ṣe, ó sì tún lè túmọ̀ sí “èyíkéyìí”. “Hwā” tó di “who” àti “hwæt” tó di “what” náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ wọn nínú “the woman who sells bread”. Ẹ rántí ohun tí mo máa ń pè é ní kíláàsì: awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe, ìyẹn gbólóhùn kékeré tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́yìn kí a lè mọ èwo là ń sọ.

Kí ni wọ́n wá ń lò síbẹ̀? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, “þe”. Lẹ́tà tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ohùn tí a ń fi “th” kọ lónìí. “Þe” yìí kì í yí padà. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, òkúta ni o, ẹyọ kan ni o, ọ̀pọ̀ ni o, “þe” náà ni. Nígbà mìíràn wọ́n á lo ọ̀rọ̀ atọ́ka tiwọn, tàbí kí wọ́n so òun àti “þe” pọ̀. Láti inú àwọn ọ̀rọ̀ atọ́ka yẹn ni “that” ti wá.

Mo máa ń dúró díẹ̀ tí mo bá dé ibí yìí ní kíláàsì, kí n wo ojú àwọn ọmọ. Torí pé “tí” ni “þe” yẹn. Ọkùnrin tí ó wá. Ajá tí ó gbó. Ìwé tí mo rà. Ọlọ́run tí ó dá wa. Kò bi ọ̀rọ̀ orúkọ léèrè pé ṣé ó ń mí. Ohun tí ọmọ Yorùbá ń mú bọ̀ láti ilé nígbà tó bá wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà tí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì náà fi sọ̀rọ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Wọ́n ṣí kúrò níbẹ̀, àwa ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìlóye.

Bí ọ̀rọ̀ ìbéèrè ṣe ré kọjá

Ní 1066, àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Faransé àti Látìn ni èdè àwọn alágbára, àwọn adájọ́ àti àwọn akọ̀wé. Àwọn akọ̀wé yìí ló yí “hw” po, tí wọ́n ń kọ “wh”. Nínú Faransé, “qui” ń béèrè “ta ni”, òun náà ló sì ń bẹ̀rẹ̀ awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe. Nínú Látìn, ìdílé kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé láti inú irú èdè bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú èdè tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbé gbogbo rẹ̀ lé àjèjì lórí. Ilẹ̀kùn kan ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ wo gbólóhùn bí “I know what you bought.” Ṣé ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀ (mo mọ èsì ìbéèrè pé kí ni o rà), àbí àpèjúwe (mo mọ ohun tí o rà)? Méjèèjì bá a mu. Ojú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbéèrè lè gbà kọjá sí òdìkejì láìsí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kọjá.

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá síwájú, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí “which”, “whom” àti “whose” nínú iṣẹ́ tuntun yìí. “Who” ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ gẹ́gẹ́ bí olùwà. Ní gbogbo ìgbà tí “who” kò tíì dé, “which” ló ń ru ẹrù ènìyàn àti ẹrù nǹkan pọ̀. Geoffrey Chaucer, akéwì ńlá tó kú ní 1400, lò ó fún Kristi fúnra rẹ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ó rí Olúwa fín.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa wé e, torí ibẹ̀ ló dùn sí. Nínú Yorùbá, “ta ni”, “kí ni” àti “èwo ni” kò ré kọjá rárá. Kò sí ẹni tó ń sọ pé “obìnrin ta ni ó ń ta búrẹ́dì” nígbà tó bá fẹ́ sọ pé “obìnrin tí ó ń ta búrẹ́dì”. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé “tí” ló lọ gba oko lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìbéèrè. Tí mo bá fẹ́ bi ọ́ tààrà, màá ní, “Níbo lo lọ?” Ṣùgbọ́n tí mo bá ń ròyìn ìbéèrè náà, màá ní, “Mi ò mọ ibi tí ó lọ.” “Nígbà wo ló dé?” di “Mi ò mọ ìgbà tí ó dé.” “Kí ló dé tó fi bínú?” di “Mi ò mọ ìdí tí ó fi bínú.” Ẹnu ọ̀nà kan náà ni, èdè méjèèjì gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jáde, èkejì ń wọlé.

Àwọn tó pín ilé

Nígbà tí William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1526, “which” ló kọ sínú Àdúrà Olúwa. Ìwé àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti 1549 ṣe bẹ́ẹ̀. Bíbélì Ọba James ti 1611 ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé àdúrà ti 1662 ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ Ọlọ́run di nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì ìgbà wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n “who” ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń gba ibùjókòó ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Ní 30 oṣù Karùn-ún 1711, Richard Steele kọ àwàdà kan sínú ìwé ìròyìn The Spectator. Ó ní “Who” àti “Which” kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ wá, wọ́n ń fẹjọ́ “That” sùn pé ọmọ ìta ni, pé ó ń lé àwọn tí í ṣe ọmọ ilé ńlá kúrò nípò. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi dé ibí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dojú rú. Nínú iṣẹ́ yìí, “that” ni àgbà, àwọn tó ń pe ara wọn ní onílé ni àlejò. Mo fẹ́ràn àwàdà yẹn púpọ̀, torí pé bí òfin gírámà ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn: ohun tí a bá bá láyé ni a máa ń rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn onígírámà fi pẹ́ẹ̀nì fìdí ìpín náà múlẹ̀. Èyí tó tàn ká jù nínú ìwé wọn ni ti Lindley Murray, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó wá fi ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé. Ní 1795 ni ó jáde, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní àtúntẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní “who” wà fún ènìyàn, “which” wà fún ẹranko àti ohun tí kò lẹ́mìí. Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwé náà? Ó ní ọmọ kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ tó ẹni tí à ń lo “who” fún, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń rán ni létí ẹni tó ń ronú. Nípa ti ìwé Murray, ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, “which” ni. Òfin tí wọ́n fi nà wá, ẹ wá wo ibi tí ẹni tó kọ ọ́ pààlà sí.

Ṣáájú ìwé Murray, ìyípadà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì ní òkèèrè. Ní 1789, nígbà tí àwọn Áńgílíkà Amẹ́ríkà ṣe ìwé àdúrà tiwọn lẹ́yìn òmìnira, wọ́n yọ “which” kúrò nínú Àdúrà Olúwa, wọ́n fi “who” sí i. Etí àwọn ènìyàn ti yí padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ kan ìwé 1662 tiwọn. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn míṣọ́nnárì CMS sì ti wá sí Badagry ní àwọn ọdún 1840, tí wọ́n wọ Abẹ́òkúta ní 1846.

Ibí yìí ni èsì ọmọ náà wà. Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá wa kì í ṣe ọ̀kan. Nínú ẹrù kan náà ni ìwé àdúrà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kẹrìndínlógún wà pẹ̀lú ìwé gírámà tó ń pa àṣẹ òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọdún 250 ló wà láàárín àwọn méjèèjì. A tò wọ́n sórí tábìlì kan ṣoṣo, a pe méjèèjì ní “Gẹ̀ẹ́sì tó dára”, a sì ní kí ọmọdé gbà wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣáájú wọn, kò ní wàhálà yìí rárá. Yálà “which” ni o rí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì ni o, yálà “who” ni o, “tí” náà lo máa kọ.

Bí ó ṣe wà lónìí

Kí ẹ̀yin olùkọ́ má baà sọ pé mo ní kí gbogbo ayé máa kọ ohun tó bá wù ú, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wà báyìí.

Tí “which” bá ń béèrè, ó ṣì wà fún ènìyàn. “Which of your brothers is the doctor?” dára, kò sí ẹni tó máa fa igi lé e. Ó dà bí “èwo” tiwa. “Èwo nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ni dókítà?” Ohun tí “which” ń béèrè níbẹ̀ ni pé kí a mú ọ̀kan nínú àwọn tí a ti mọ̀, nígbà tí “who” kò pààlà fún ẹnikẹ́ni.

Tí ó bá ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ orúkọ, ó ti fi ènìyàn sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ lónìí. Ó lè tọ́ka sí odidi gbólóhùn pẹ̀lú: “He came late, which annoyed me.” “Ìyẹn” ni àwa máa lò níbẹ̀: ó pẹ́ kó tó dé, ìyẹn sì bí mi nínú. Èyí tí àwọn kan tún ń tẹnu mọ́, pé “that” nìkan ló yẹ níbi tí àpèjúwe bá ti jẹ́ dandan, pé “which” wà fún èyí tí a fi kọ́mà yà sọ́tọ̀, àbá ni H. W. Fowler dá nínú ìwé rẹ̀ ní 1926. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé rere kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti wá sọ àbá di òfin Mósè.

Nítorí náà, ó yẹ kí bàbá náà tún “the woman which sells bread” ṣe. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò WAEC máa pàdánù máàkì, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kò ní fi èyí pamọ́ fún un. Ohun tí mo kọ̀ ni ìdí tí a ń fún wọn. A ń ní, “Torí pé obìnrin kì í ṣe nǹkan,” bíi pé ọmọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyá oníbúrẹ́dì àti búrẹ́dì. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ni ọdún tí wọ́n pín ilé. Ẹ sọ ìyẹn fún un. Ẹ ní: “Àwọn tó ni èdè yìí ti lò ó bí o ṣe lò ó yẹn rí, nígbà tó yá wọ́n pín in, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí nìyí, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe kọ ọ́.” Ìṣẹ́jú kan péré ni. Ọmọ náà á kọ “who”, kò sì ní rò pé orí òun kò pé.

Ìṣẹ́jú kan yẹn ni mi ò fún bàbá rẹ̀. Mo ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ èdè, mo mọ ìtàn “þe” àti “hwilc” láti orí dé ìdí, mo sì dá ọmọ ọlọ́mọ dúró kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ mi, bírò pupa ni mo lò. Ẹ̀yin yòókù tí mo ṣe irú rẹ̀ fún, tí ẹ kò tíì pè mí, ẹ dákun, ẹ má bínú.

Mo pè é padà lọ́jọ́ kejì. Mo ní, “Má bínú sí mi.” Ó ní, “Háà, Prof, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, bàbá mi ni yín.” Mo ní bàbá náà máa ń jẹ gbèsè. Mo wá béèrè ohun tí ó ṣe sí máàkì ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ti dá ààbọ̀ máàkì padà fún un nítorí ìwé àdúrà. Ọmọ ní ààbọ̀ kò tó, pé tí Bíbélì bá gbè é, odindi ló yẹ kó gbà. Ó tún ní kí bàbá òun bá òun bi mí léèrè pé, tó bá jẹ́ pé “who” ni ti ènìyàn, kí ló dé tí “whose” fi wà fún ilé, bíi ti “a house whose roof leaks”.

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo ń wo ìwé mi lórí rẹ̀. Ó tún dìgbà kan ná.